Ìdánwò wo ni kò ní fi ọwọ́ lílọ́ra pe àgbà ní ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Òye àti àtinúdá àwọn ẹni ọdún 65 sókè àti ti ọ̀dọ́ ẹni ọdún 20 la fẹ́ dán wò ní Yaba. Raymond Cattell, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, pín òye sí méjì: èyí tó ń yanjú ohun tuntun ló máa ń kọ́kọ́ dínkù; ìmọ̀ àkójọ, bí òwe, a máa pẹ́. A ò lè fi ayò dán òye ohun tuntun wò. Ògbólógbòó ọ̀tayò lè kàn máa rántí ohun tó ti ta rí ni. Fún àtinúdá, ìṣẹ́jú 3 ni: kí la lè fi igbá ṣe yàtọ̀ sí bíbu omi? Bí wọ́n bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ àgbà ló ń lọ́ra. Ṣé ká gba ohùn wọn sórí fóònù, àbí ká má fi aago ká wọn mọ́? Eré wo gan-an ni tọmọdé tàgbà ò ta rí?