Àkọsílẹ̀, àkọmọ́ àbí àsọsílẹ̀? Lórí ọ̀rọ̀ tí à ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ìbéèrè tí àǹtí wa tó ń gbé ní Houston ní Amẹ́ríkà gbé síwájú àwa tí à ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ ti di awuyewuye, inú mi sì dùn sí i, torí ó ti pẹ́ tí a ti jiyàn lórí ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: àǹtí wa àti àwọn obìnrin Yorùbá kan níbẹ̀ máa ń pàdé láti ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní scrapbook, ìyẹn ìwé ńlá tí wọ́n ń lẹ fọ́tò, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìrépé aṣọ ẹbí àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n á wá kọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Àwọn kan ń fi ọwọ́ kọ ọ́, àwọn kan ń táìpù ú. Journaling ni àwọn Òyìnbó ń pe ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn. Kí ni ká máa pè é ní Yorùbá?

Ẹ jẹ́ ká yára parí ti ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó dábàá "ìwé àjákù" tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Òyìnbó lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ìyàwó tuntun pé ìwé àjákù lẹ fẹ́ fi ta á lọ́rẹ, kẹ́ ẹ wo ojú tó máa fi wò yín. "Ìwé ìrántí" dùn létí, ó sì ti wà nínú Bíbélì, nínú Málákì 3:16, àmọ́ iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ìwé tí wọ́n ń pín níbi ìsìnkú àgbà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí ìjọ fi ń ṣe ayẹyẹ àádọ́ta ọdún náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti bọ̀dá wa tó ní ká pè é ní "ìwé ìkójọpọ̀ àwọn ohun ìrántí alálẹ̀mọ́", ẹ jọ̀ọ́ sà, kí èèyàn tó pè é tán, gọ́ọ̀mù á ti gbẹ. Èmi fara mọ́ "ìwé àlẹ̀mọ́". Lílẹ̀ ni iṣẹ́ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mark Twain, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí irú rẹ̀ kan ní 1873: wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù sójú ewé rẹ̀ sílẹ̀, omi díẹ̀ lèèyàn máa fi rin ín kó tó lẹ ohun tó gé nínú ìwé ìròyìn mọ́ ọn. Lóòótọ́, ìwé tí àwọn olóṣèlú ń lẹ̀ káàkiri ògiri wa nígbà ìbò náà ń jẹ́ àlẹ̀mọ́ lẹ́nu àwọn kan. Kò séwu. Ẹni tó bá gbọ́ "ìwé àlẹ̀mọ́ ìgbéyàwó wa" kò ní rò pé ọkọ ìyàwó ń du ipò gómìnà.

Ibi tí ìjà wà ni ti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọ̀gá wa tó ń kọ́ni ní Ìlọrin ní àkọsílẹ̀ ti tó, pé a kò gbọdọ̀ máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nígbà tí èyí tí a ní kò tíì gbó. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń pè ní àkọsílẹ̀: àkọsílẹ̀ ìpàdé, àkọsílẹ̀ owó tó wọlé, àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn. Ohun tí akọ̀wé kọ ni, kì í ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ ní lọ́kàn. Tí akọ̀wé bá yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, àkọsílẹ̀ náà á máa lọ bó ṣe ń lọ. Bí a bá sì fi "ojoojúmọ́" kún un, a ti bọ́ sí ti ìwé tí èèyàn ń kọ lálaalẹ́ kó tó sùn. Èyí kì í ṣe tojoojúmọ́. Èèyàn lè lẹ fọ́tò ìgbéyàwó òbí rẹ̀ ti ọdún 1974 lónìí, kó sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Àwọn mìíràn ní "àlàyé àwòrán". Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí àǹtí wa fi ewé kan ránṣẹ́ tó yanjú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ewé náà fẹ̀ ní íńṣì 12, ó ga ní íńṣì 12. Fọ́tò mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, ti ìsọmọlórúkọ. Lábẹ́ èyí tó tóbi jù, wọ́n táìpù báyìí:

"Ìsọmọlórúkọ ọmọ wa kẹta, Houston, oṣù kẹfà ọdún 2019. Láti apá òsì: màmá àgbà, èmi, ọmọ."

Lápá ọ̀tún, lórí páálí funfun kékeré kan, wọ́n fi ọwọ́ kọ èyí:

"Wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu, ó lá a. Wọ́n fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu, ó lá a. Nígbà tó kan orógbó, ó figbe ta, màmá sì ní, 'Èyí á mọ ohun tí kò fẹ́.' Inú báàgì màmá ni orógbó ọ̀hún ti wá, láti Ìlá. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ́ kí n dìde lórí àga."

(Ẹ má jẹ́ kí aṣọ́bodè ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbọ́ ti orógbó o.)

Àkọ́kọ́ yẹn ni àlàyé àwòrán. Ta ni, níbo, nígbà wo. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìdílé náà lè kọ ọ́. Ìkejì, kò ṣàlàyé àwòrán rárá. Ohun tí kámẹ́rà kò rí ló sọ. Òjò kò sí nínú fọ́tò. Ohùn màmá kò sí nínú fọ́tò. Ibi tí orógbó ti wá kò sí níbẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ohun tí ọmọ náà máa fẹ́ mọ̀ jù lọ nìyẹn tó bá dàgbà. Ẹ ò rí i pé méjèèjì wà lórí ewé kan náà, wọn kò sì jọra. Tí a bá fún wọn lórúkọ kan, a ti da omi pọ̀ mọ́ epo.

Àbúrò wa tó wà ní Cotonou gbé "àkọmọ́" wá: ohun tí a kọ mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí àlẹ̀mọ́ ṣe jẹ́ ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn, àti bí àwọn onígírámà ṣe ń lo àfòmọ́ fún ohun tí a fi ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Mo gbóríyìn fún un. Àlẹ̀mọ́ pẹ̀lú àkọmọ́, bí ìbejì. Díẹ̀ ló kù kí n dìbò fún un. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò dára: àmì àkámọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, akọ́mọ wà lọ́wọ́ òsì nínú orúkọ Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè, a sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyẹn gan-an kọ́ ló mú mi kọ̀ ọ́, torí èdè wa kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ń gbọ́ ara wa yé. Ohun tó mú mi kọ̀ ọ́ ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà nìkan ló ń sọ, pé ó fara ti nǹkan. Iye owó tí aláṣọ kọ mọ́ aṣọ náà jẹ́ àkọmọ́. Ohùn èèyàn kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn tó sọ iṣẹ́ yìí di ńlá ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé ohùn ló ṣe pàtàkì. Marielen Christensen àti ìdílé rẹ̀, ará Spanish Fork ní ìpínlẹ̀ Utah, kó ìwé àlẹ̀mọ́ tiwọn lọ sí àpérò àgbáyé kan lórí àkọsílẹ̀ ìran tí ìjọ Mormon ṣe ní Salt Lake City ní 1980. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n ti ṣí ilé ìtajà. Ìjọ yẹn kò fi ìtàn ìdílé ṣeré: wọ́n ń rọ olúkúlùkù kó kọ ìtàn ara rẹ̀ fún ọmọ tí a kò tíì bí. Inú àṣà yẹn ni ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí à ń wá ìtumọ̀ sí ti gba adùn rẹ̀.

Ó dáa, kí ni Yorùbá ń sọ nígbà tí èèyàn bá bá ẹni tí kò sí nílé sọ̀rọ̀? Ó ń sọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Mo débí lánàá, mi ò bá ọ, mo sì sọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ." "Bàbá sọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kú pé kí a má ta ilẹ̀ yẹn." Ẹni tó máa gbọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ìgbà tó bá dé ni yóò bá a. Ìyẹn gẹ́lẹ́ ni àǹtí wa, màmá ọmọ Houston yìí, ṣe. Ọmọ tó ń ké nítorí orógbó ló ń bá sọ̀rọ̀, ọmọ náà kò sì tíì mọ̀wé kà nígbà náà. Nítorí náà, "àsọsílẹ̀" ni mo mú wá. Orí ìlànà kan náà tí àkọsílẹ̀ àti àṣesílẹ̀ gùn ló gùn, kò sì sí àgbà tí ẹ máa sọ ọ́ fún tó máa ní kí ẹ túmọ̀ rẹ̀.

Àti pé a ti ń ṣe é tipẹ́ láìní ìwé àlẹ̀mọ́ kankan. Ẹ yí ẹ̀yìn àwọn fọ́tò dúdú-àti-funfun tí wọ́n yà ní sítúdíò láyé àwọn òbí wa wò: orúkọ, ọjọ́, "kí o máa fi rántí mi", nígbà mìíràn ẹjọ́ odidi kan. Bíírò ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé tí ẹ bá gbé fọ́tò náà síbi tí iná ti ń tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ óò rí lẹ́tà tó wú síta níwájú orí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń sọ pé pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí a fi kọ̀wé sẹ́yìn fọ́tò, tàbí kí a kúkú kọ ọ́ sórí páálí lọ́tọ̀.

Àtakò méjì ti wá. Ẹ̀gbọ́n kan ní "a ti sọ ọ́ sílẹ̀" lè túmọ̀ sí pé a ti jọ ṣàdéhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́nu, nínú gbólóhùn. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé "àsọsílẹ̀ tó wà lójú ewé yìí dùn", àdéhùn wo ló kù níbẹ̀? Èkejì ní àwọn ọ̀dọ́ máa rò pé ohùn tí a gbà sórí fóònù ni. Tí wọ́n bá rò bẹ́ẹ̀, wọn kò jìnnà sí òtítọ́.

Ó wá ku ti ọwọ́ àti ti ẹ̀rọ. "Àfọwọ́kọ" kò ní àríyànjiyàn, ó ti pẹ́ lẹ́nu wa. Ti èkejì, ẹ má fún mi ní "àfẹ̀rọtẹ̀" o. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń ru ẹrù méjì, èyí tí a fi ń táìpù àti èyí tí ń tẹ ìwé jáde, ẹ jẹ́ kó sinmi. Gbogbo wa ló ń sọ pé "mo táìpù ú". Àsọsílẹ̀ àfọwọ́kọ, àsọsílẹ̀ títáìpù, ó parí.

Ẹni tó bi mí èwo ni mo fẹ́ràn: ọwọ́ ni, kì í sì í ṣe torí pé ó fani mọ́ra nìkan. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, àmọ́ ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan la ń tò léra wọn, fọ́ǹtì tí èèyàn bá yàn ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó yẹ kí àmì jókòó sí. Àwọn fọ́ǹtì olódòdó tí wọ́n ń ṣe bí ìkọ̀wé ọwọ́, tí àwọn oníwèé àlẹ̀mọ́ fẹ́ràn bí ojú, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n. Àmì á fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kí àpótí kékeré jókòó sáàárín orúkọ ọmọ, tàbí kí ọ nìkan wọ aṣọ mìíràn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó tẹ ewé kankan jáde, ẹ kọ́kọ́ táìpù "ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́" síbẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Tí fọ́ǹtì bá kùnà, ẹ wá òmíràn. Ẹ má yọ àmì orúkọ ọmọ nítorí òdòdó.

Ọwọ́ náà ní wàhálà tirẹ̀. Tàdáwà tí àwọ̀ rẹ̀ yòrò pátápátá sínú omi máa ń ṣá tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, omi díẹ̀ sì tó láti ba tirẹ̀ jẹ́. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìyẹ̀fun tó kúnná ló ń pẹ́. Ìwé tí kò ní ásíìdì ló yẹ kó bá a rìn, torí èyí tó ní in máa ń pọ́n, á sì rún. Ẹni tí ìlà rẹ̀ kì í tọ́ kó fi pẹ́ńsù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́, kó kọ ọ́, kó jẹ́ kí tàdáwà gbẹ dáadáa, kó tó fi rọ́bà pa ìlà rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí àsọsílẹ̀ gbé lọ́wọ́ tí àwọn ìyókù kò gbé. Bó bá jẹ́ ohùn ni, kó jẹ́ ohùn ẹni tó ni ín. Màmá àgbà tó sọ̀rọ̀ nínú ewé yẹn, ará Ìlá ni, Ìgbómìnà ló sì sọ lọ́jọ́ náà. Àǹtí wa ló yí i sí Yorùbá ìwé kó tó kọ ọ́. Mo bẹ̀ yín, àǹtí, ẹ padà kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Páálí kékeré yẹn ṣeé yọ.

Bí mo ṣe fẹ́ kó hàn nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa nìyí: "àsọsílẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wà níbẹ̀ kọ tàbí táìpù sójú ewé ìwé àlẹ̀mọ́, fún ẹni tó máa ṣí i lẹ́yìn ọ̀la, ó yàtọ̀ sí àlàyé àwòrán." Ẹni tó bá ní àtakò kó mú un wá, kó sì mú ewé kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe dání.