Ẹ gbà mí o, Lemma 3 ti fọ́!

Àbúrò Glasgow: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sùn. Pépà ìṣirò tí mo gbé sórí arXiv, ìkànnì tá a ń kó pépà sí, lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun náà ni mo fi wá postdoc, iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn PhD, níbi mẹ́fà. Lóru àná mo ya tráyáńgù méjì tí ò fara kanra sẹ́yìn rìsíìtì, Lemma 3, ìgbésẹ̀ kan tí ẹ̀rí mi dúró lé, bá wó. Mo gbàgbé láti sọ pé graph náà, àwọn ojúàmì tá a fi ìlà so, gbọ́dọ̀ connected, kéèyàn lè ti ojúàmì kan dé èkejì! Ṣé mo lè pa á rẹ́?

Bọ̀dá Houston: Pa kí ni rẹ́? Mo withdraw tèmi nígbà kan, v1, ẹ̀dà àkọ́kọ́, ṣì wà níbẹ̀ tó ń wò mí.

Ìyá Ìbejì Leeds: Má withdraw o. Tún un ṣe, gbé v2 sókè. Àmọ́ kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó ń kọ lẹ́tà fún ẹ. Èmi dákẹ́, ọ̀gá mi lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì, bí mo ṣe fi ọdún kan gbáko wáṣẹ́ nìyẹn.

Bọ̀dá Houston: Kó tún un ṣe ná! Ta ní ń lọ bá ọ̀gá lọ́wọ́ òfo?

Ìyá Ìbejì Leeds: Babai, onímọ̀ ìṣirò yẹn, ńkọ́? January 2017 tí Helfgott rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí graph isomorphism, bá a ṣe ń mọ̀ bóyá graph méjì rí bákan náà, ó jáde sọ ọ́, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ló tó rí àtúnṣe.

Bọ̀dá Houston: Babai ti níṣẹ́ ní Chicago, mà. Ọmọ yìí ò tíì ní.

Ọmọ Toronto: Kempe náà ṣe ẹ̀rí four colour, pé àwọ̀ mẹ́rin tó láti kun máàpù èyíkéyìí, ní 1879, ọdún 11 kọjá kí Heawood tó tú u fó. Àbúrò, mú component, apá tó so pọ̀, kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Àbúrò Glasgow: Diameter, ọ̀nà tó jìn jù láàárín ojúàmì méjì, ni Theorem 2 dúró lé, ó sì ti di infinity...

Ọmọ Toronto: Tó o bá sì padà sílé, panel yunifásítì á ní kí ló dé tórúkọ ẹ ò ṣáájú lórí pépà kankan, wọn ò mọ̀ pé A dé Z là ń to orúkọ nínú ìṣirò. Y ni tèmi, ìdí ni mo máa ń wà.

Ìyá Ìbejì Leeds: Lọ fẹ́ Adé kan 😂

Bọ̀dá Houston: Kó wá sí Houston, Adé pọ̀ níbí, àmàlà náà gbóná.

Ìyá Ìbejì Leeds: Houston téèyàn ò lè fẹsẹ̀ rìn débi àmàlà? Graph tí ò connected gan-an nìyẹn.

Ọmọ Toronto: Yìnyín ti bo fèrèsé mi, ẹ wá ń dárúkọ àmàlà. Bódìjà lẹ́yìn òjò, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, abúlà lọ́wọ́... ẹ ṣàánú mi.

Àbúrò Glasgow: Ẹ̀yin àgbà, Theorem 2 wá ńkọ́?

Bọ̀dá Houston: Toronto, ṣé ẹ rí gbẹ̀gìrì gidi níbẹ̀ yẹn?