Ṣé "ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà" ni PISA ń wọ̀n?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. PISA ni ètò tí OECD, àjọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè kan, fi ń wo ohun tí àwọn ọmọ ọdún 15 lè ṣe nínú ìwé kíkà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àbá tó wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ni pé ká pe PISA ní "ìdánwò àgbáyé", ká sì pe apá ìwé kíkà inú rẹ̀ ní "ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà". N kò fara mọ́ méjèèjì, èkejì ló sì léwu jù.

Ẹ jẹ́ ká fi Jámánì wò ó. Nígbà tí èsì PISA 2000 jáde ní Oṣù Kejìlá 2001, máàkì 484 ni wọ́n ní nínú ìwé kíkà. Ìpíndọ́gba àwọn orílẹ̀-èdè OECD jẹ́ 500. Àwọn ọmọ ọdún 15 tí kò kọjá ìpele kìíní, èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú ìpele márùn-ún, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí a bá pe àwọn yẹn ní aláìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, irọ́ la pa. Púpọ̀ nínú wọn lè ka gbólóhùn jáde lẹ́nu. Ibi tó ti há ni kí wọ́n so ohun tó wà lókè ojú ìwé mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n sì fa ohun tí òǹkọ̀wé kò sọ síta yọ. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn ń pè é ní Lesekompetenz, agbára ìwé kíkà.

Ọ̀rọ̀ tiwa ti wà tipẹ́: àkàyé. Gbogbo ẹni tó ṣe Yorùbá ní girama ló mọ̀ ọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé àyọkà kan pẹ̀lú ìbéèrè mélòó kan ló ń mú wá sọ́kàn, bẹ́ẹ̀ PISA tún fẹ́ kí ọmọ lo ohun tó kà, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ "àkàyélò", n kò bá a jà.

Ìdánwò ní tirẹ̀, yíyege tàbí fífìdí rẹmi ni. Níbi PISA, wọ́n á kọ́kọ́ ṣa ilé ìwé, ó kéré tán 150, kí wọ́n tó ṣa ọmọ nínú wọn. Wákàtí méjì ni, díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè ló sì ń kan ọmọ kọ̀ọ̀kan, torí náà kò sẹ́ni tó ń mú èsì tirẹ̀ relé. Ìgbéléwọ̀n ni: orílẹ̀-èdè ni wọ́n gbé lé ìwọ̀n. Ẹ má sì kọ "484 lórí 1000" mọ́ o! Òṣùwọ̀n náà kò ní góńgó tí a lè fi pín in. Ìpíndọ́gba ni kẹ́ ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì.

Bó bá jẹ́ àìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni, kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ni ì bá jẹ́ oògùn rẹ̀. Ohun tí Jámánì ṣe yàtọ̀: láti 2003, ìjọba àpapọ̀ ya bílíọ̀nù 4 owó yúrò sọ́tọ̀ kí àwọn ilé ìwé tó ń ṣíwọ́ lọ́sàn-án gangan lè máa dá ọmọ dúró di ìrọ̀lẹ́, àwọn mínísítà ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ 16 sì fẹnu kò lórí Bildungsstandards, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe ní kíláàsì kan pàtó. Èyí ni n kò tíì rí ọ̀rọ̀ fún. "Òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́" yóò dàrú mọ́ òṣùwọ̀n máàkì. Ta ló ní àbá?