Ṣọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ òkìtì: kí la fẹ́ sọ lórúkọ gan-an?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: àbúrò wa kan ní Gwarinpa fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kì iwájú fún kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń fò lórí òkìtì erùpẹ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní dirt jump. Ó tún fẹ́ kọ àlàyé rẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń fò nítòsí Katampe, ló bá bi wá pé kí la máa pe suspension fork, ìyẹn irin iwájú kẹ̀kẹ́ tó di táyà mú, tó ń wọlé tó sì ń jáde. Orúkọ mẹ́ta ló ti jáde látìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná ní àmúga arọ̀. Màmá wa ní Kubwa ní apagbọ̀n. Ẹnì kan tí kò sọ ibi tó wà ní àmúga ìdádúró, ó sì dá mi lójú pé ìwé atúmọ̀ ló ṣí, ló bá já sí ibi tí wọ́n ti ń sọ ti òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ òkìtì fúnra ẹ̀ ò gba àríyànjiyàn. Òkìtì ni erùpẹ̀ tí wọ́n kó jọ, òkìtì náà ni ọmọdé ń ta. Ẹni tó bá gun ti àkọ́kọ́ dáadáa lè ta èkejì lófuurufú. Ẹni tó ní tí èèyàn bá ti dárúkọ kẹ̀kẹ́ ní Abuja, Nápẹ́ẹ̀pù ló máa ń sọ sí aráyé lọ́kàn, òótọ́ ló sọ, àmọ́ òkìtì tó tẹ̀ lé e ti là á. Kò sẹ́ni tó ń fi Nápẹ́ẹ̀pù fò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí awakọ̀ kan ní Nyanya tó jọ pé ó ń gbèrò ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmúga dára, ó bá ìrísí irin náà mu, ẹsẹ̀ méjì ló ní tó la, táyà sì wà láàárín. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí irin iwájú ẹ̀ le gbagidi, tí kò ń wọlé tí kò ń jáde, àmúga lòun náà ní. Àwọn kan tó ń fò lójú títì ò tiẹ̀ fẹ́ òmíràn. Nítorí náà, mo ní ká fi àmúga sílẹ̀ fún èyí tí kò ń wọlé, ká sì pe èyí tó ń wọlé ní ṣọ́ọ̀kì, bí gbogbo mẹkáníìkì alùpùpù ṣe ń pè é. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àyálò ni. Paul Turner tó dá RockShox, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́, sílẹ̀ ní 1989, ìdí alùpùpù lòun náà ti kọ́ ọgbọ́n yẹn kó tó gbé e wá sídìí kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ àti irin gbà wá. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀kì máa dà bíi ti iná mànàmáná, iná kì í ṣọ́ọ̀kì wa nílé, gbígbé ló ń gbé wa.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá Màmá Kubwa jiyàn nìyí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Apagbọ̀n dùn létí. Amúlétutù ló fi ṣe àwòkọ, kò sì sí àléébù nínú bó ṣe hun ún. Ṣùgbọ́n orúkọ tó bá sọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta Mpape ló nílò apagbọ̀n. Ṣọ́ọ̀kì irú àwọn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń sáré gba orí òkè bọ́ sílẹ̀ lè wọlé tó 200 mílímítà, ó ń gbé gbogbo gbọ̀ngbọ̀n mì. Ti òkìtì kì í sábà jù 100 lọ, àwọn mìíràn fẹ́ 80. Ohun tó fà á ni pé ọmọ tó ń fò máa ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ mọ́ ètè òkìtì kó lè gbéra. Bí ṣọ́ọ̀kì bá rọ̀, òun ló máa gbé agbára yẹn mì, ọmọ á kàn yọ lókè bí ẹni pé wọ́n tì í. Ó gbọ́dọ̀ le nígbà tó ń lọ, kó sì gbà díẹ̀ nígbà tó bá balẹ̀. Èyí tó bá ń pa gbogbo gbọ̀n, ó ti pa fífò náà. Ẹ wá sọ fún mi, báwo la ṣe máa pe ìyẹn ní apagbọ̀n?

Lójú tèmi, a ti ń ná agbára wa síbi tí kò yẹ. Orúkọ irin náà ti wà lẹ́nu àwọn tó ń tún un ṣe. Ohun tí kò ní orúkọ ni àwọn nǹkan tí àbúrò wa máa wọ̀n kó tó sanwó, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣìnà. Ó kọ ọ́ pé ṣọ́ọ̀kì kan ní "ìrìnàjò 100 mílímítà." Ìrìnàjò tí kò kúrò ní àtẹ́lẹwọ́! Ọ̀rọ̀ Òyìnbó, travel, ló gbé lódindi. Kò sí ohun tó ń rìn níbẹ̀. Ọ̀pá òkè ń wọ inú ọ̀pá ìsàlẹ̀ ni. Ìwọlé ni mo fi sílẹ̀ fún un. Ṣọ́ọ̀kì tí ìwọlé ẹ̀ jẹ́ 100.

Ìpadàbọ̀ ló pe rebound, ìyẹn bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń jáde padà lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ka ìyẹn á kọ́kọ́ wojú ọ̀run. Ìtapadà ló yẹ ẹ́, nítorí ta ní agbára nínú, bí ẹṣin ṣe ń ta èèyàn nípàá. Bí ìtapadà bá yá jù, ó lè ta ọmọ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tó bá balẹ̀. Bó bá lọ́ra jù, ṣọ́ọ̀kì ò ní tíì jáde tán kí òkìtì kejì tó dé.

Èyí tó kù ni sag, ìyẹn ìwọ̀n tí ṣọ́ọ̀kì ń wọlé nígbà tí èèyàn bá kàn dúró lórí kẹ̀kẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá orúkọ ẹ̀ lábàá. Ìtẹ̀ ni mo ní, bí ẹ̀ka igi ṣe ń tẹ̀ bí ẹyẹ bá bà lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i, kó má di ìtẹ́ ọba. Bí wọ́n ṣe ń wò ó nìyí: ẹ rọra ti òrùka rọ́bà kékeré tó wà lára ọ̀pá òkè kó kan ẹnu ọ̀pá ìsàlẹ̀. Ẹ gun kẹ̀kẹ́, ẹ dúró lórí ẹ̀ láìmì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ wá fi rúlà wọn ibi tí òrùka náà sún dé. Bí ìwọlé bá jẹ́ 100, ti òkìtì á wà ní bíi 10 sí 15. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́nà inú igbó lè jẹ́ kó tó 25 tàbí 30. Bó bá tẹ̀ jù, tó sì jẹ́ èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, a ó fún un ní afẹ́fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dọ̀ fọkanáísà o. Àyè inú ẹ̀ kéré, agbára afẹ́fẹ́ ẹ̀ sì pọ̀. Ó ní páǹpù kékeré tirẹ̀ tó ní aago tó ń sọ bí agbára afẹ́fẹ́ ṣe tó.

Àbúrò, tó bá jẹ́ tókúnbọ̀ lo fẹ́ rà, wo ọ̀pá tó wọnú ọrùn kẹ̀kẹ́ kó o tó ná an. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lè ti gé e kúrú, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń fa irin gùn. Wò ó bóyá ó gún régé látòkè délẹ̀ tàbí ó fẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí èyí tó fẹ̀ ò ní wọ ọrùn tóóró. Wo irin tó gba àárín táyà kọjá náà: ti ṣọ́ọ̀kì òkìtì sábà máa ń jẹ́ 15 tàbí 20 mílímítà, èyí tó o ń lò báyìí sì lè jẹ́ 9. Fi èékánná tọ ara ọ̀pá òkè. Bí èékánná bá há níbì kan, eruku ọyẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, òróró á máa gba ibẹ̀ jáde.

Ọ̀kan ṣì ń dà mí láàmú. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ń wọlé tán pátápátá nígbà gbogbo, tó ń kanlẹ̀, àwọn kan máa ń ju ike róbótó sínú àyè afẹ́fẹ́ ẹ̀ kí àyè náà lè kéré, kó lè máa le sí i bó ṣe ń sún mọ́ ìsàlẹ̀. Adínàyè ni mo ní lẹ́nu fún ike yẹn, àmọ́ mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Màmá Kubwa, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń hun irú ẹ̀. Kí lẹ ní?