Ohun tí ojú mi ti rí láàárín lésà àti gíláàsì ní Ṣómólú

Iṣẹ́ fífi lésà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kó ìmọ́lẹ̀ líle jọ sójú kan, fín orúkọ sára nǹkan ni mo ń ṣe ní Ṣómólú, láàárín àwọn onítẹ̀wé. Bí ìnáwó bá ti sún mọ́lé, àwọn oníbàárà á ra ife àti ìgò ní Ìdúmọ̀tà tàbí Balógun, wọ́n á kó o wá, wọ́n á ní ká kọ orúkọ ìyàwó àti ọkọ sí i. Àwa tó ń fi lésà ṣiṣẹ́ máa ń sọ ìrírí wa fún ara wa, kálukú sì ti sọ tirẹ̀ nípa irin àti pákó. Ọ̀rọ̀ gíláàsì ni èmi fẹ́ sọ.

Oríṣi ẹ̀rọ lésà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. CO2, tí gáàsì ń bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ni àkọ́kọ́, òun la fi ń gé pákó. Tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá kan gíláàsì, ojú gíláàsì náà ló máa gba gbogbo rẹ̀ sára, ibẹ̀ á gbóná lójijì, á sì sán wẹ́wẹ́. Àwọn ìsán kéékèèké yẹn ni à ń rí bí àwọ̀ funfun. Èkejì ni fiber, tí a fi ń kọ̀wé sára irin. Òun ló yà mí lẹ́nu. Mo gbé ife tó mọ́ gaara sábẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà gba inú ife kọjá bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ó lọ kọ orúkọ sára irin tí ife jókòó lé. Ife kò ní àmì kankan lára.

Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, Ìkẹjà, ń fi ohun kan náà jẹun. Irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi ń ṣí gíláàsì ẹ̀yìn fóònù: ìmọ́lẹ̀ á la gíláàsì kọjá, á jó ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, gíláàsì á sì ṣí.

Lọ́jọ́ kan ni oníbàárà kan gbé kírísítà wá, ìyẹn gíláàsì kíki tó nípọn, tí àwòrán bàbá rẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Ìta rẹ̀ ń dán, kò sí ìlà kankan lára. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí wọ́n gbà wọlé. Ẹ̀gbọ́n kan tó kọ́ fíṣíìsì ní Yunifásítì Èkó, Akọka, ló jókòó tì mí tó ṣàlàyé rẹ̀.

Ó ní ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo kò lágbára tó láti tú elétíróònù, ìyẹn ẹyọ iná tíntìntín tó wà nínú gíláàsì, kúrò láyè rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kọjá lọ. Bíi dánfó tó rì sínú ẹrọ̀fọ̀ ni: ogún ènìyàn lè tì í lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní mì, àmọ́ tí gbogbo wọn bá tì í lẹ́ẹ̀kan náà, á jáde. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ dé ojú kan, ní àsìkò kan. Lẹ́ńsì ló ń kó o jọ sójú kan. Kíkúrú ìmọ́lẹ̀ náà ló ń kó o jọ sí àsìkò kan.

Ní gígé-gígé ni ìmọ́lẹ̀ fiber mi ń jáde. Gígé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní pulse, ó sì tó nǹkan bí 100 nanosecond. Tí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan rẹ̀ ni nanosecond kan. Ìmọ́lẹ̀ ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà pulse yẹn gùn tó mítà 30. Femtosecond wá ńkọ́? Mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló wà nínú nanosecond kan. Pulse 100 femtosecond kò gùn ju mìlímítà 0.03 lọ, irun orí wa nípọn jù ú lọ. Tí ẹ bá kó agbára kan náà sínú rẹ̀, líle rẹ̀ á di ìlọ́po mílíọ̀nù kan.

Kírísítà olówò bíi ti oníbàárà yẹn, nanosecond ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ìsán kéékèèké sì ni gbogbo àmì inú rẹ̀. Femtosecond máa ń parí iṣẹ́ tirẹ̀ kí ooru tó ráyè tàn ká. Lọ́dún 1996, àwọn onímọ̀ ní Japan fi í ya ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ lè máa gbà sínú gíláàsì, láìsán an.

Ibi tó wù mí jù ni ti gíláàsì tí wọ́n po nǹkan mọ́ nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ. Ẹ wo etí gíláàsì fèrèsé, ẹ ó rí àwọ̀ ewé díẹ̀. Irin inú yanrìn ló fà á, irin yẹn sì máa ń gba díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ fiber sára. Àwọn mìíràn ń po fàdákà mọ́ ọn. Fàdákà náà á fọ́n ká inú rẹ̀, ojú kò ní rí i. Níbi tí pulse femtosecond bá ti tú elétíróònù sílẹ̀, fàdákà á gbà á, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀ ní ìdì tíntìntín. Tí ẹ bá tan iná UV sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ náírà wò ní báńkì, ibẹ̀ nìkan ló máa tàn. Ìwé tí a kọ sí àárín gíláàsì, tí omi ò lè fọ̀, tí èékánná ò lè ha! Ó wù mí kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe irú rẹ̀.

Gíláàsì tí a po nǹkan mọ́ náà ló ń bí ìmọ́lẹ̀ fiber wa: okùn gíláàsì tó ní irin kan tí wọ́n ń pè ní ytterbium nínú. Theodore Maiman ló kọ́kọ́ ṣe lésà lọ́dún 1960. Nígbà tó di 1961, Elias Snitzer ti ṣe lésà tó jẹ́ gíláàsì tí wọ́n po irin neodymium mọ́. Ṣùgbọ́n pulse kúkúrú tó le jù lè ba gíláàsì inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jẹ́. Donna Strickland àti Gérard Mourou ló wá ọgbọ́n sí i ní Rochester, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1985: wọ́n na pulse náà gùn nínú okùn gíláàsì tó gùn ní kìlómítà 1.4, wọ́n kún agbára rẹ̀, wọ́n wá sún un kì padà. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí lọ́dún 2018.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ojú kì í rí ìmọ́lẹ̀ fiber, ó sì lè ta padà lára ife wọ inú ojú. Awò ike tó mọ́ gaara tí a ń lò fún CO2 kò lè dá a dúró, àfi awò tí wọ́n kọ 1064 sí lára, ìyẹn nọ́ńbà ìgbì ìmọ́lẹ̀ fiber. Ẹni tó bá sì ti fi ẹ̀rọ lésà UV kọ̀wé sára gíláàsì rí, kó wá sọ bó ṣe rí fún wa.