Abẹ́ wo ló yẹ ayùn róbótó kékeré oníbátìrì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ igi dunjú. Ayùn róbótó kékeré oníbátìrì ni mò ń lò, èyí tí abẹ́ rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 165, tó sì ní eyín 24. Bí mo bá fi la pákó, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi gé pulaiwúùdù onímìlímítà 18 ní ìdábùú, etí ojú òkè rẹ̀ a máa họ wẹ́wẹ́. Mo mọ̀ pé láti ìsàlẹ̀ ni eyín rẹ̀ ti ń gé bọ̀ wá sókè, ìdí nìyẹn tí mo fi ń da ojú tó dára dé ilẹ̀, àmọ́ pẹpẹ ìwé ni mo fẹ́ kàn, ojú méjèèjì rẹ̀ ló sì máa hàn síta. Téèpù tí mo lẹ̀ mọ́ ojú ìlà dín in kù díẹ̀, kò tán an.

Ṣé bí mo bá pààrọ̀ abẹ́ yìí sí eléyín 40, bátìrì yóò lè yí i láìjẹ́ pé ayùn dúró sáàárín igi? Báwo ló sì ṣe yẹ kí abẹ́ náà yọ nísàlẹ̀ igi tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti lo irú rẹ̀ rí ni mo fẹ́ kó dáhùn, nítorí ayùn oníwáyà kò sí nínú ètò mi.