Àfòmọ́ tí mo rí nínú ẹ̀jẹ̀ àdán ní Ìkéré: ṣé ibà tiwa náà ni?

ỌmọOlóṣùnta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ẹranko.

Mo ń ṣe másítà lórí àfòmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ àdán. Ẹ̀yìn ilé ìyá mi ní Ìkéré-Èkìtì ni mo ti ń dẹ àwọ̀n, láàárín igi gúáfà méjì tó wà nítòsí ilé ìdáná. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí a ò rí orí òkè Olóṣùnta mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Òru mẹ́ta ni mo fi mú 9. Kì í ṣe àdán ńlá tó máa ń so rọ̀ sórí igi bí èso o, àwọn kékeré tó ní irun funfun ṣókí nídìí etí ni. Akọ wọn tún ní irun funfun léjìká méjèèjì, àmọ́ ó máa ń fà á wọnú awọ, wàá rò pé kò sí níbẹ̀ àfi tí o bá rọra fi ìka tú u síta.

Mo gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ lára ìyẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tú wọn sílẹ̀, mo wá rẹ sláìdì sínú aró Giemsa. 5 nínú 9 ló ní nǹkan. Ohun tó rú mi lójú nìyí: àfòmọ́ náà rí roboto, ó kún inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa dẹ́nu, ó sì ní hóró dúdú-pupa wínníwínní káàkiri inú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun áásà. Ṣùgbọ́n òrùka kékeré tí a máa ń rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ibà ń ṣe, mi ò rí ẹyọ kan. Mo wo sláìdì kan fún wákàtí méjì, títí iná fi lọ.

Èyí tó mú mi kọ̀wé gan-an ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọ́n yọjú wo maikirosíkóòpù nígbà tí mo gbé e wálé, mo sì ṣàlàyé fún wọn pé ó jọ ti ibà. Ni wọ́n bá ní Sátidé tó ń bọ̀ àwọn á gé gúáfà méjèèjì, àwọn á sì fi èéfín lé àdán tó kù. Ibà ti gbé ọmọ wọn ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí, mo mọ ibi tó ti ń dùn wọ́n. Mi ò lè já wọn nírọ́, mi ò sì fẹ́ purọ́ fún wọn.

Ìbéèrè kejì: jíìnì cytochrome b ti àfòmọ́ náà (prótéènì kan nínú máítókọ́ńdríà, ilé agbára sẹ́ẹ̀lì) tí mo fi ránṣẹ́ fún kíkà ti dé, bíi 480 lẹ́tà. Mo yí i sí ámínò ásíìdì, ègé tí a fi ń to prótéènì, kí n lè wo bí prótéènì náà ṣe rí, ìràwọ̀ (*), àmì "dúró", ló wà láàárín rẹ̀ níbi mẹ́ta. Ṣé jíìnì náà ti bàjẹ́ ni?

ÀǹtíSláìdì

Àbúrò mi, o kú ìṣọ́ òru. Bí o ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, Hepatocystis ni.

Mọ̀lẹ́bí Plasmodium tó ń fa ibà tiwa ni, àmọ́ ìwà wọn yàtọ̀. Plasmodium máa ń bí sí i nínú ẹ̀jẹ̀: á fọ́ sẹ́ẹ̀lì kan, á wọ òmíràn, á tún fọ́ ọ. Ìyẹn ló ń mú ara gbóná tí òtútù fi ń gbọn èèyàn. Hepatocystis kì í bí nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń parí ìbísí rẹ̀, akọ àti abo tó ti gbó nìkan ló sì ń rán sínú ẹ̀jẹ̀, kí kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lè gbé wọn lọ. Ìdí tí o ò fi rí òrùka nìyẹn. Padà sídìí sláìdì rẹ: èyí tó bá mu aró búlúù dáadáa, abo ni, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, akọ ni.

Ní 2020, wọ́n tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí Hepatocystis tó wà lára ọ̀bọ colobus pupa ní Uganda. Wọ́n rí i pé inú ìdílé Plasmodium gan-an ló ti yà jáde, àti pé ẹbí prótéènì kan tí Plasmodium fi ń gbá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ mú kò sí lára rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an, torí ohun tí ojú wa ti ń rí lórí sláìdì láti ọjọ́ pípẹ́, ó hàn nínú jíìnì.

Sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ pé ara ọ̀bọ, àdán àti ọ̀kẹ́rẹ́ ni ilé Hepatocystis. Ẹ̀fọn Anopheles tó jẹ ẹlòmíràn tí ibà ń ṣe ló ń gbé ibà bá ọmọ wọn. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, bóyá ó ti ya.

Ní ti ìràwọ̀, jíìnì rẹ kò bàjẹ́. Ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ni kò tọ́. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ni a ń kà á. Bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà kejì, tí kò bá ṣe é, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀kẹta.

DókítàẸran

O ò dárúkọ ìbọ̀wọ́ níbì kankan, àyà mi sì já. Ní 1956, ara àdán ńlá tí wọ́n mú ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Lagos bat virus, ìbátan dìgbòlugi ni. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn ni kí o lò, kí o sì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kí o tó tún dẹ àwọ̀n. Tí ọ̀kan bá gé ọ jẹ, fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí o wá gba ilé ìwòsàn lọ. Má dúró dọjọ́ kejì.

Nítorí èyí náà ni èéfín kò fi dáa. Àdán tí a dà rú á wọ òkè àjà, á já bọ́ sílẹ̀, ọmọdé á sì fọwọ́ mú un. Bẹ́ẹ̀, àdán ńlá wà lára àwọn tó ń fọ́n irúgbìn ìrókò kiri fún wa.

ỌmọOlóṣùnta

Ẹ ṣeun gan-an ni, ma. Lẹ́tà kejì ni! Ìràwọ̀ ti pòórá, ámínò ásíìdì tó lé ní 150 ló jáde gbọọrọ. Dókítà, ìbọ̀wọ́ tín-ín-rín ti láàbù ni mo wọ̀, kò sì sí èyí tó gé mi jẹ, àmọ́ mi ò tíì gba abẹ́rẹ́. Mo ń lọ gbà á lọ́la.

Mo ti wo àwòrán prótéènì náà nínú AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí prótéènì ṣe máa rí. Ibì kan búlúù, ibì kan yẹ́lò, etí rẹ̀ ọsàn. Kí ni kí n gbà gbọ́ níbẹ̀?

Kẹ́mísírìAdó

Àwọ̀ yẹn ń sọ bí ó ṣe dá a lójú tó. Búlúù tó dúdú, máàkì rẹ̀ ju 90 lọ nínú 100, ìyẹn ṣeé gbára lé. Búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ láti 70, ó ṣeé wò. Yẹ́lò, fura sí i. Èyí tó bá pọ́n bí ọsàn kò tó 50, má kọ nǹkan kan lé e lórí.

Rántí pé àgékù ni tìrẹ. Cytochrome b ti Plasmodium falciparum jẹ́ ámínò ásíìdì 376, ó lọ́ bíi sípíríǹgì inú bírò lẹ́ẹ̀mẹ́jọ la awọ máítókọ́ńdríà kọjá. Híìmù méjì, ìyẹn èròjà tó máa ń gbé irin, ló gbé mọ́nú, irin kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, histidine (irú ámínò ásíìdì kan) mẹ́rin sì dì wọ́n mú, méjì sí ẹyọ kan. AlphaFold ti tẹ́lẹ̀ kì í ya híìmù, ihò lásán lo máa rí. Ti 2024 lè fi í sí i tí o bá sọ fún un. Wo ámínò ásíìdì 268 náà, bóyá àgékù tìrẹ dé ibẹ̀: tí tyrosine tó wà níbẹ̀ bá yí padà, oògùn ibà atovaquone kì í ran Plasmodium mọ́.

Ìyẹ̀fun áásà tí o rí yẹn ńkọ́? Híìmù náà ni. Àfòmọ́ yẹn ń jẹ hẹmoglóbìn (prótéènì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ní híìmù nínú), ṣùgbọ́n híìmù tó ṣẹ́kù jẹ́ májèlé fún un, ó wá ń so ó pọ̀ ní méjì-méjì títí á fi dì bí iyọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni chloroquine ti ń dènà Plasmodium, kí májèlé náà lè wà nílẹ̀ láìdì.

ỌmọOlóṣùnta

Àbọ̀ rèé. Lánàá mo gbé sláìdì méjì síwájú ẹ̀gbọ́n ìyá mi: ti ọmọ wọn tí mo gba àyè yà, àti ti àdán. Wọ́n wo òrùka, wọ́n wo roboto, wọ́n tún padà wo òrùka. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ọ̀kan náà." Wọ́n ti gbé àdá padà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ìyá mi sì ti rán àwọ̀n ẹ̀fọn ọmọ náà, ihò mẹ́rin ló wà lára rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Ti ọ̀bọ, kantíkantí Culicoides ni wọ́n bá pé ó ń gbé Hepatocystis. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń gbé ti àdán wa, nítorí náà mo fẹ́ dẹ pańpẹ́ iná sábẹ́ gúáfà. Ta ló ní gílóòbù UV kékeré tó ń lo bátìrì, ní Adó tàbí ní Ìkéré, tó lè yá mi fún òru mẹ́ta?